Kí Ìbọn Tó Dún, Ẹ Ka Ẹran

Bí kìnnìún bá gbé màlúù lọ lóru, ohun tó máa ń wá sọ́kàn darandaran ni pé kí òun gbẹ̀san kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò lẹ́ran ọ̀sìn, ẹ má yára bú u. Owó iléèwé ọmọ rẹ̀ lè jẹ́ ohun tó bá màlúù yẹn lọ. Àmọ́ ìbínú kì í ka iye. Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ọdẹ apẹranjẹ láéláé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó ní òǹkà, kí ó sì ní òfin tó lè dá ìbọn dúró lásìkò.

Ẹ wo Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n pa ìkookò 200: 119 fún àwọn ọdẹ tó gbàwé àṣẹ, 81 fún ẹ̀yà Ojibwe, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Àwọn Ojibwe kò pa ìpín tiwọn, torí ọmọ ìyá ni ìkookò lójú wọn. Àwọn ọdẹ yòókù pa 218 kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, 99 lé lórí ohun tí wọ́n fún wọn. Ajá ọdẹ ń lé, ìbọn ń dún, òfin sì ní àfi kí ìjọba kéde ní wákàtí 24 ṣáájú kí ọdẹ tó dáwọ́ dúró. Ẹran kò dúró de ìkéde. Àsìkò tí ìkookò ń gùn ni wọ́n sì yàn!

Ní Niassa, lápá àríwá Mòsáńbíìkì, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n dá. Akọ kìnnìún tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́fà, ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn fún un. Imú rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń wò: ti ọ̀dọ́ a máa pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bó bá ṣe ń dàgbà ni àmì dúdú ń yọ, títí dúdú yóò fi borí pupa. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ọdẹ, bí ọdẹ rẹ̀ kan bá ṣi ọ̀dọ́ pa, ìpín rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ yóò dín. Ìdí wà níbẹ̀. Bí akọ tó ni agbo bá kú láìtọ́jọ́, akọ àjèjì á gba ipò rẹ̀, á pa àwọn ọmọ kéékèèké kí ìyá wọn lè tètè gbakọ. Ọta kan péré, ọmọ agbo run.

Nílẹ̀ Nàìjíríà ńkọ́? Igbó ìjọba Kainji, tó nà dé Kwara, àti Yankari ní Bauchi nìkan la ti ń gbúròó kìnnìún. Àpapọ̀ wọn kò tó 50 ní ìṣirò àwọn onímọ̀. Èyí kò ṣeé pín fún ọdẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń da ẹran nítòsí Kainji, ẹ fi ọgbà ẹ̀gún tó ga yí ibùsùn màlúù ká lálẹ́. Bí apẹranjẹ bá pa ẹran, ẹ ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kí ipasẹ̀ tó parẹ́. Ẹ má bu májèlé sára òkú màlúù. Igún àti ajá yín náà á jẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra awọ ẹkùn àti ọ̀rá kìnnìún lọ́jà, owó yín ló ń ra ọta.

Bí ẹnìkan bá sì dìde lọ́jọ́ iwájú pé kí ìjọba ṣí ọdẹ kìnnìún fún wa, kó kọ́kọ́ fi òǹkà ẹran hàn wá, kó sọ ẹni tí yóò fọn fèrè kí ìbọn dákẹ́, àti iye wákàtí tí yóò gbà á kó tó fọn ún.