Ìfètò-sọ́mọ-bíbí: Ẹ jẹ́ ká yé fi orúkọ Ọlọ́run bo ìbẹ̀rù wa

Obìnrin kan tó ń ta gàrí fi káàdì ilé ìwòsàn kan hàn wá lọ́jọ́ ọjà. Kì í ṣe inú àpò rẹ̀ ló ti yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ọṣẹ ní ìsọ̀ kejì ló ń bá a tọ́jú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń gba abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó lóyún, ọkọ rẹ̀ kò sì mọ̀. Ọmọ mẹ́rin ló ti bí, èyí tó kéré jù kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ó ní: "Bí bàálé mi bá rí káàdì yìí, yóò ní mò ń yan àlè. Bí mo bá sì tún lóyún báyìí, ta ni yóò bá mi ru gàrí wá sọ́jà?"

Káàdì tó sá pamọ́ sábẹ́ ọṣẹ yẹn ló mú wa kọ ọ̀rọ̀ òní. Láti Ṣábẹ dé Kétu, láti Ìpóbẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí tọkọtaya jọ sọ lórí ẹní ti di àṣírí láàrin ìyàwó àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì gbójú gbóyà tó dá a sílẹ̀ nínú ilé, gbólóhùn kan ni wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́: "Ẹ̀sìn wa kò gbà á." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àwa ń bèèrè pé: ẹ̀sìn wo ni, kí ló sì sọ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé tiwa. Àwọn kan ń sọ pé òyìnbó ló kó ọ̀rọ̀ yìí wá bá wa. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láyé àwọn ìyá ìyá wa, obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í sún mọ́ ọkọ rẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi rìn, tí wọn yóò fi já a lẹ́nu ọmú. Ìyẹn lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá gbóyún pọnmọ, ìtìjú ni fún un, ìtìjú náà sì ń kan ọkọ rẹ̀. Àwọn àgbà mọ̀ pé ọmọ ní láti jìnnà síra kí ìyá àti ọmọ tó lè ní àlàáfíà. Àṣà yẹn ti ń lọ, a kò sì fi ohunkóhun dípò rẹ̀.

Ti òyìnbó ńkọ́? Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1920, lẹ́yìn ogun tó pa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wọn, ìjọba Faransé ṣe òfin tó ka ìpolówó ohun ìdènà oyún léèwọ̀. Wọ́n fẹ́ kí àwọn obìnrin wọn bímọ sí i. Òfin yẹn kan náà ni wọ́n mú wá sí ilẹ̀ wa nígbà ìjọba amúnisìn. Ọdún 1967 ni àwọn fúnra wọn ti gba ohun ìdènà oyún láàyè. Ní orílẹ̀-èdè Benin, òfin ọdún 2003 lórí ìlera ìbímọ ló wá sọ ọ́ kedere pé tọkọtaya, àti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀tọ́ láti pinnu iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ àti àlàfo tí yóò wà láàrin wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pe èèwọ̀ yìí ní àṣà ìbílẹ̀ wa, kó tún un wò.

Ó di ọ̀dọ̀ àwọn ààfáà. Nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 233, Àlùkùránì sọ pé kí àwọn ìyá fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì gbáko bí wọ́n bá fẹ́ pé é. Àwọn ṣàábà Ànábì sọ pé àwọn máa ń da àtọ̀ síta kí ìyàwó má bàa lóyún, nígbà tí Àlùkùránì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́, wọn kò sì kà á léèwọ̀ fún àwọn. Orí èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù dúró lé tí wọ́n fi gba ọ̀nà tó wà fún ìgbà díẹ̀ láàyè, bí ọkọ àti ìyàwó bá fohùn ṣọ̀kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ̀ ni kí èèyàn di ilé ọmọ pa títí láé láìnídìí. Ẹsẹ tí àwọn kan máa ń mú wá, pé kí a má pa ọmọ wa nítorí ìbẹ̀rù òṣì, ọmọ tó ti wà ló ń sọ nípa rẹ̀.

Ní ti Ìjọ Kátólíìkì, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀. Ìwé tí Póòpù Paul Kẹfà kọ ní ọdún 1968 kọ oògùn, abẹ́rẹ́ àti rọ́bà. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kan náà gbà pé tọkọtaya lè fi àlàfo sí ọmọ bíbí nítorí ìdí pàtàkì, nípa kíka ọjọ́ tí obìnrin kò lè lóyún. Ní ọdún 2015, Póòpù Francis sọ pé kò pọn dandan kí Kátólíìkì máa bímọ bí ehoro. Àwọn Áńgílíkáǹ ti ṣílẹ̀kùn díẹ̀ láti ọdún 1930, ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì sì fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn tọkọtaya.

Kí la wá rí? Nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tó pàṣẹ kí obìnrin máa bímọ léra léra láìsinmi. Ọ̀nà tí a ó gbà ni wọn kò fẹnu kò lé lórí. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ní kó máa ka ọjọ́, kí a má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá yan abẹ́rẹ́, kí a má pè é ní aláìgbàgbọ́.

A kò sọ pé àwọn tó ń bẹ̀rù kò ní làákàyè. Ọmọ ni aṣọ, ọmọ ni yóò sin òbí. Ẹni tó ti sin ọmọ méjì rí kò ní fẹ́ gbọ́ pé kó bí mẹ́ta péré. Àwọn kan tún ti rí obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ségesège lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tàbí tó pẹ́ kó tó tún lóyún. Òótọ́ ni. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta lè yí nǹkan oṣù padà, oyún sì lè pẹ́ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá dá a dúró. Ìyẹn kò sọ obìnrin di àgàn. Ṣùgbọ́n bí agbẹ̀bí kò bá ṣàlàyé rẹ̀ ṣáájú, ìyá kan tó bẹ̀rù tó láti lé ogún obìnrin sá.

Ẹ jẹ́ ká sì ya nǹkan sọ́tọ̀: dídènà oyún kì í ṣe oyún ṣíṣẹ́. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ń da ọ̀rọ̀ rú.

Ìwádìí tí ìjọba Benin ṣe ní 2017 sí 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ, 12 péré ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé. Nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́ta ló sì fẹ́ dá ọmọ bíbí dúró tàbí kó fi àlàfo sí i, tí kò lo ohunkóhun. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí ìyá dúró ó kéré tán oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kó tó tún lóyún. Kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ìyá ìyá wa ń ṣe.

Èrò wa rèé. Ẹ̀yin bàálé, ẹ bá ìyàwó yín lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ gbọ́ ọ létí ara yín. Ẹ̀yin ààfáà, àlùfáà àti pásítọ̀, ẹ sọ gbogbo ohun tí ìwé yín wí, kì í ṣe ìdajì rẹ̀. Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ sọ ire rẹ̀, ẹ sọ wàhálà rẹ̀, kí ẹ má sì fi ipá yan ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ rántí àlàfo tó wà láàrin àwọn ọmọ tiyín kí ẹ tó bú ìyàwó ọmọ yín.

Àwọn àgbà ní ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Àwọn náà ló ní ọmọ ni aṣọ. Wọn kò tako ara wọn: aṣọ tí a lè fọ̀, tí a lè tọ́jú ni aṣọ. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí oníṣòwò gàrí yẹn lè mú káàdì rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọṣẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó gbé e sórí tábìlì nílé, kí ọkọ rẹ̀ sì bi í pé: "Ọjọ́ wo ni a tún ń lọ?"