Ọfà Tí Ń Sọ Nǹkan Lórúkọ

Bí ọmọ yín bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí tí ó ń bá àwọn tí ń ṣe ìwádìí ẹ̀gẹ́ ní IITA ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ R lẹ́nu rẹ̀. Èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ìṣirò ni. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Auckland, ní ilẹ̀ New Zealand, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Àmì kékeré kan ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nínú rẹ̀ lónìí: <- . Ọfà ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ nǹkan lórúkọ. Ká ní ẹgbẹ́ àjọ àwọn obìnrin kan ní Lálúpọn ní kí ọmọ náà bá àwọn kọ ìwé owó, tí ó wá kọ ọ́ báyìí:

iyoku <- c(5000, -3000, 1200, -500)

Orúkọ wà lápá òsì, owó ènìyàn mẹ́rin wà lápá ọ̀tún. Ẹni tí ó bá jẹ gbèsè ni a fi àmì ìyọkúrò sí níwájú owó rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti pe iyoku, owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n R kò rí bí agboolé wa, níbi tí Sàlámátù mẹ́ta lè wà nínú ilé kan ṣoṣo. Bí ó bá tún fi iyoku sọ nǹkan mìíràn, ti àkọ́kọ́ lọ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí ìyá alájọ bá béèrè pé ta ni gbèsè rẹ̀ ju 2000 náírà lọ, iyoku < -2000 ni kí ọmọ náà kọ, pẹ̀lú àlàfo láàárín àmì méjèèjì. R yóò dáhùn TRUE fún ẹnì kejì, FALSE fún àwọn yòókù. Bí ó bá kánjú, tí ó kọ ọ́ pọ̀, iyoku<-2000, R kò ní kà á sí ìbéèrè mọ́. Ṣe ni yóò sọ 2000 ní iyoku. Owó ènìyàn mẹ́rin yóò pòórá, kọ̀ǹpútà kò sì ní wí nǹkan kan. Ìjà owó àjọ tí a ti bá wọn parí ní mọ́sálásí, ohun tí ó fa òmíràn kò tó èyí.

Àwọn kan a máa lo = dípò ọfà; láti ọdún 2001 ni R ti fàyè gbà á. Kò burú, ṣùgbọ́n ọfà tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí = a máa mú kí ènìyàn rò pé nǹkan méjì dọ́gba ni a ń wí, bẹ́ẹ̀ orúkọ ni a ń sọ. Inú àkámọ́ ni = ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, bíi mean(x = iyoku), tí yóò fún wa ní 675, iye tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba. x ibẹ̀ dà bí orúkọ tí ìyàwó ilé fi ń pe àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀. Kò kọjá inú ilé náà. Bí a bá fi ọfà sí ibẹ̀, x yóò jáde sí gbangba, yóò sì gba ipò x mìíràn tí ó ti wà níta.

Ẹ sọ fún ọmọ náà kí ó máa fi àkámọ́ sí nọ́ńbà gbèsè, iyoku < (-2000), kí ó sì ti tọ́jú owó náà sínú fáìlì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ìwé àjọ tí ẹ fi gègé kọ, ẹ má tíì jù ú nù.