Oyin, Ṣúgà àti Adùn Àtọwọ́dá: Èwo Ni Ti Alátọ̀gbẹ?



Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàárín wa tó yẹ ká tún gbé yẹ̀ wò. Bí alátọ̀gbẹ bá mu ohun tí a fi aspartame tàbí sucralose mú dùn, àwọn kan á ní, "Májèlé òyìnbó nìyẹn. Oyin ni kí ẹ máa lá. Oyin kì í ṣe ọmọ Ọ̀ṣun ní jàǹbá." Èmi náà ń bá àtọ̀gbẹ gbé, mo sì ń bọ Ọ̀ṣun. N kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀jẹ̀ kì í béèrè ibi tí adùn ti wá. Ṣíbí ìjẹun oyin kan ní tó gíráàmù 17 ṣúgà nínú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ka ṣúgà inú oyin mọ́ èyí tó yẹ ká dín kù. Àwọn baba wa tó fi èèwọ̀ lélẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ẹnì kan ń jẹ lè jẹ́ èèwọ̀ ẹlòmíràn.

N kò wí pé adùn àtọwọ́dá kò ní àríyànjiyàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ náà ní ká má fi wọ́n wá ara fífúyẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kò kan ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ. Ní oṣù Keje, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka aspartame mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fà á; síbẹ̀ òdiwọ̀n rẹ̀ kò yí padà: mílígíráàmù 40 lójúmọ́ fún kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan. Omi ni mo yàn ṣáájú gbogbo wọn. Níbi àríyá, mo yan èyí tí kò ní ṣúgà ju èyí tó ní in lọ.

Adùn tí kì í ṣe ṣúgà kò sì ṣàjèjì sí igbó wa. Èso ewé eéran, tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ni thaumatin ti wá, èyí tó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000. Ẹni tó bá sì jẹ àgbáyun, ọsàn wẹ́wẹ́ á dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan ń bẹ tí ṣúgà gidi di oògùn. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tó jó mọ́jú láìjẹun níbi ọdún, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀: ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú. Ẹ má tètè rò pé òrìṣà ló gùn ún. Adùn àtọwọ́dá kò lè ràn án lọ́wọ́ nígbà náà. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ṣíbí ìjẹun oyin kan tàbí omi ṣúgà. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn àwòrò àti ìyálóríṣà wa ni pé, níbi ìsọmọlórúkọ, kí ẹ jẹ́ kí alátọ̀gbẹ fi orí ìka kan oyin àdúrà, kó fi kan ètè, kó tó. Kí ṣúgà gidi má sì wọ́n ní ojúbọ lọ́jọ́ ọdún. Ìṣẹ̀ṣe làgbà, ẹni tó wà láàyè ló sì ń ṣe é.

Àṣẹ.