Ẹ̀rù Àjàkálẹ̀ Àrùn: Òṣùwọ̀n Wo Ni A Fi Ń Wọ̀n Ọ́n?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sùn mọ́jú. Àrùn Ẹ̀bólà ti wọ Èkó láti ogúnjọ́ oṣù keje, àhesọ sì gba orí fóònù pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìwé ìròyìn gbé e pé omi iyọ̀ náà rán àwọn kan lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì pa ènìyàn. A mọ iye ẹni tí Ẹ̀bólà mú ní Nàìjíríà: ènìyàn 20 ni, 8 nínú wọn sì kú. Ta ni ó ka àwọn tí ẹ̀rù mú?

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti wọn ẹ̀rù. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, àwọn olùwádìí gbé ìbéèrè méje jáde, tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò ní orílẹ̀-èdè Ìráànì. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì 1 sí 5; àròpọ̀ rẹ̀ kò kéré sí 7, kò sì ju 35 lọ. Wọ́n ń bèèrè bóyá àyà ẹni ń já, bóyá ọwọ́ ẹni ń làágùn, bóyá ẹni náà kò rí oorun sùn. Iṣẹ́ gidi ni, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n kò tó fún wa.

Àkọ́kọ́, Yorùbá kì í dárúkọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Àwọn baba wa kì í pe Ṣànpọ̀nná ní gbangba. Ilẹ̀ gbígbóná tàbí Olóde ni wọ́n ń pè é. Lónìí náà, bi ìyá àgbà kan léèrè bóyá ẹ̀rù àrùn ń bà á, "A kò ní rí i o" ni yóò fi dáhùn. Òṣìṣẹ́ tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rù kò bà á ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Èkejì, àyà tí ó ń já kò sọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbà. Ẹ̀rù kan náà ni ó ń mú ẹnì kan fọ ọwọ́, tí ó ń mú ẹlòmíràn gbé aláìsàn pamọ́. Nígbà Ẹ̀bólà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó yẹ kí a máa ṣọ́ ní Èkó yọ́ lọ sí Port Harcourt. Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní láti máa ti ojúlé dé ojúlé, ní ìgbà tí ó lé ní 18,000, láti bẹ àwọn bí 900 tí ó ti fara kan aláìsàn wò. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀rù yóò mú ènìyàn ṣe ni kí a máa bèèrè, ní èdè tí ó yé e. Bí ibà bá mú ọmọ yín lónìí, ta ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún? Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jáde fún ọjọ́ 21, ta ni yóò bọ́ ilé yín? Ọ̀rọ̀ ta ni ẹ máa ń gbà gbọ́?

Ọdọọdún ni ibà Lásà ń gbóná sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára ibi tí ó ti ń jà jù. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé ni kí ìjọba ti bèèrè ìbéèrè wọ̀nyí. Bí a kò bá mọ ibi tí ẹ̀rù yóò lé aládùúgbò wa gbà, oògùn tí a rà sílẹ̀ kò ní bá a nílé.