Ẹ̀fọn Yá Ẹ̀wù Lọ́wọ́ Ìbátan Rẹ̀

 

"Oògùn ò ran ẹ̀fọn òde òní mọ́." Ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ ní Mushin nìyẹn, látẹnu àwọn ìyá wa tó ti ká nẹ́ẹ̀tì kúrò lórí ibùsùn. Wọn ò parọ́. Àwọn oníwàádìí ìṣègùn ní Yaba níbí náà ti rí i lára ẹ̀fọn ìhà ọ̀dọ̀ wa. Àwa oníṣẹ̀ṣe, tí ìwà kan bá ṣàjèjì lára ọmọ, ìdílé rẹ̀ la kọ́kọ́ ń bèèrè. Ẹ jẹ́ ká bèèrè ti ẹ̀fọn.

Lára ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri lọ́dọ̀ wa, méjì wà tó jẹ́ ọmọ ìyá: Anopheles gambiae àti Anopheles coluzzii. Ojú lásán ò lè yà wọ́n. Ní 2013 ni èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ tirẹ̀. Tílẹ̀ bá ń ṣú, táwọn akọ bá kóra jọ lófuurufú tí wọ́n ń dúró de abo, oníkálùkù sábà máa ń mú ará ilé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń ṣilé wọ̀.

Ìbaaka, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kì í sábà bímọ. Ọmọ àdàlù ẹ̀fọn méjèèjì yìí ń bímọ ní tiẹ̀. Tó bá padà lọ gùn pẹ̀lú ẹbí kan, àbùdá ẹbí kejì á bá a wọlé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Iṣan ara ẹ̀fọn ni oògùn nẹ́ẹ̀tì ń kọlù, àbùdá kan sì wà tó ń yí ibi tí oògùn ti ń mú un padà. Ní 2000, àwọn onímọ̀ tó yẹ ẹ̀fọn ilẹ̀ Benin wò kọ ọ́ síta pé ọ̀dọ̀ gambiae ni èkejì ti gbà á. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ẹni tó yá ẹ̀wù ìbátan rẹ̀ wọ̀, orúkọ tí télọ̀ rán sọ́rùn ẹ̀wù ṣì wà níbẹ̀: àbùdá tó yí i ká, ti gambiae ni. Wọ́n tún rí irú ẹ̀ ní Ghana àti Mali. Ti Mali, ìgbà tí nẹ́ẹ̀tì olóògùn ń pọ̀ nínú ilé ló tàn kálẹ̀. (Lójú tèmi, nẹ́ẹ̀tì ló ṣe alárinà: ẹni tí ò wẹ̀wù kú, ẹni tó yá ẹ̀wù ló ṣẹ́kù.)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má tìtorí ẹ̀ fi nẹ́ẹ̀tì bo ewébẹ̀ o. Bí oògùn rẹ̀ ò tiẹ̀ pa ẹ̀fọn bíi ti tẹ́lẹ̀, aṣọ ọ̀hún ò ní jẹ́ kó dé ara ọmọ. Ẹ rán ihò rẹ̀. Tí wọ́n bá ń pín tuntun, ẹ bèèrè bóyá olóògùn méjì ni. Láti 2023 ni àjọ ìlera àgbáyé ti fọwọ́ sí èyí tí wọ́n fi chlorfenapyr kún. Ìyẹn ò kọlu iṣan. Agbára inú ara ẹ̀fọn ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.