Ojú Ọmọ Tí Ó Gba Kíndìnrín Tuntun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo òbí tí ọmọ rẹ̀ ti gba kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn sára.

Ní ọdún 1954 ni Dókítà Joseph Murray kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní àṣeyọrí ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Ìbejì tí ara wọn bá ara mu délẹ̀ ni ó ṣe é fún. Ní Èkó pẹ̀lú, wọ́n ti ń pààrọ̀ kíndìnrín láti ọdún 2000. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní irú ìbejì bẹ́ẹ̀ ní láti máa lo oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ ẹ̀yà àjèjì náà.

Ọ̀kan nínú oògùn wọ̀nyí ni prednisolone. Bí ọmọ bá lò ó pẹ́, ó lè mú kí dígí inú ẹyinjú dúdú bí ẹni pé ìkùukùu bò ó. Ó sì lè mú kí ẹyinjú le láti inú wá, títí iṣan ìríran yóò fi bàjẹ́. Èyí ni gúlókómà. Ìríran tí ó bá bá a lọ kì í padà mọ́. Bí agbára ara bá sì ti dínkù, kòkòrò àrùn lè ráyè ba ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́.

Ewu ibẹ̀ ni pé ọmọdé kì í sábà sọ. Bí ojú kan bá ń bàjẹ́, èkejì ni yóò máa fi ṣeré. Olùkọ́ lè máa pè é ní ọ̀lẹ, kó sì jẹ́ pé kò rí ojú pátákó ni.

Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró de ìgbà tí ọmọ bá ráhùn. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lóòrèkóòrè lẹ́yìn rẹ̀, ó yẹ kí dókítà ojú fi iná wo dígí ẹyinjú, kí ó wọn bí ẹyinjú ti le tó, kí ó sì kán oògùn tí yóò jẹ́ kí ó rí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè rí àrùn náà, ìtọ́jú wà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dá oògùn ọmọ dúró fúnra yín, kí ara má baà kọ kíndìnrín náà. Ẹ má sì ra oògùn ojú lọ́wọ́ kẹ́míìsì láìbi dókítà, nítorí irú èròjà kan náà wà nínú òmíràn. Ẹni tí iṣẹ́ bá gbé láti Èkó lọ sí Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì, kí ó mú ìwé ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ dání.

Ó sì tọ́ kí àwọn ọsibítù ìjọba kọ àyẹ̀wò ojú sínú káàdì irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí a gba ẹ̀mí ọmọ là tán, kí a wá jẹ́ kí ó wà láyé nínú òkùnkùn.