Ẹni Gbé Epo Lájà Kò Jalè Tó Ẹni Tó Gbà Á Sílẹ̀: Ọ̀ràn Sáírẹ́nì ní Ẹgbẹ́dá

Bí sáírẹ́nì bá ké lójú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá sí Ìdímù ní ìrọ̀lẹ́, ó yẹ kí gbogbo ọkọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n dígí ẹ̀yìn ni àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ ń wò: wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá aláìsàn ló ń bọ̀ tàbí ọlọ́lá tó ń kánjú lọ síbi àríyá. Wọ́n ti yà fún jíìpù onídígí dúdú títí ó fi sú wọn. Àkókò tí wọ́n fi ń ṣiyèméjì yìí, ara aláìsàn ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Àpótí kékeré kan ló ń dá ohùn sáírẹ́nì òde òní, lásípíkà ló ń gbé e jáde, súwíìsì ọwọ́ awakọ̀ ló sì ń yan irú ohùn tí yóò ké. Ọ̀kan ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀nà gbọọrọ. Èkejì ń ké kíákíá fún oríta. Ọkọ̀ aláìsàn nílò súwíìsì tí a dìídì ṣe fún un, kí awakọ̀ lè fi ìka kan tan iná àti ohùn láì gbé ojú kúrò lọ́nà. Ẹni tó mọ irú iṣẹ́ yìí ṣe yẹ fún ìyìn. Súwíìsì kò lẹ́bi. Ẹni tó so ó mọ́ ọkọ̀ ẹni tí kò tọ́ sí ló lẹ́bi.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2012 tí Gómìnà Babatunde Fashola ti buwọ́ lu Òfin Ìrìnnà Ojú Pópó Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀ṣẹ̀ ni lílo sáírẹ́nì láìgbàṣẹ. Àwọn ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá náà ti kéde ìkìlọ̀ léraléra. Fashola fúnra rẹ̀ kò gba sáírẹ́nì láàyè níwájú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó wà nípò. Òun náà a máa bá ará ìlú jókòó nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ. Bí gómìnà bá lè dúró, kí ni oníṣòwò àti ọmọ olóṣèlú fi jù ú lọ?

Àwọn rẹwáyà kan yóò ní oníbàárà ló béèrè, oúnjẹ òòjọ́ ni àwọn ń wá. Àwíjàre yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí yóò lu dáṣíbọ́ọ̀dù, tí yóò fa wáyà láti ìdí bátìrì, irin lásán ni sáírẹ́nì olówó. Ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ kì í gé ti ilé onílé fún àlejò, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó.

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn sí Alímọ̀ṣọ́. Ìgàǹdó ni ilé ìwòsàn gbogboogbò ìjọba wà, àárín Ẹgbẹ́dá sí ibẹ̀ sì kún fún ọkọ̀. Ẹni tó pe 112 tàbí 767 nítorí aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò ní ohun mìíràn tí yóò fi là ọ̀nà ju ohùn tí àwọn òpùrọ́ ti sọ di yẹpẹrẹ.

Nítorí náà, kí òfin má ṣe dúró sójú títì nìkan; kí ó wọ ìsọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta àpótí sáírẹ́nì tàbí súwíìsì rẹ̀ láì rí ìwé àṣẹ ọkọ̀. Kí rẹwáyà kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó so ó mọ́ sílẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá sì gba sáírẹ́nì lọ́wọ́ arúfin, kí wọ́n béèrè ẹni tó bá a so ó, kí àwọn méjèèjì jọ jẹ́jọ́. Kí àwọn tó wà nípò kọ́kọ́ pa tiwọn.

Ẹni tó ń fi sáírẹ́nì èké lé ọkọ̀ kúrò lónìí, kò mọ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ yóò wà nínú ọkọ̀ aláìsàn. Lọ́jọ́ náà, àwọn tó ti tàn jẹ ni yóò wà níwájú, wọn kò sì ní yà.